"A" Kan Ṣoṣo Lórí Ìwé Omi Kànga

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹfà
Àwọn aṣòfin ti fọwọ́ sí orúkọ tí Gómìnà fi ránṣẹ́. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi bi mí léèrè. Bàbá kan nínú wọn ní aláìsàn máa ń gbọ́rọ̀ sí dókítà lẹ́nu, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba á gbọ́? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera – èmi! Aláwàdà, ọkọ mi, ní òun á máa kọ̀wé béèrè kí òun tó rí mi. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Ọ́fíìsì ńlá, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Mo dúpẹ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Onígbáméjì ti wọ àdúgbò ẹ̀yìn odò. Ènìyàn méje ló ti ń ṣe. Omi kànga ni. Mo kọ ìkìlọ̀, atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́, mo fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà lára gbogbo ògiri. Orí mi wú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Gíláàsì, nọ́ọ̀sì àgbà ibùdó ìlera ẹ̀yìn odò, pè mí láàárọ̀: ṣé mo ti ka ìwé mi? Mo kà á. Ẹ MÁA MU OMI KÀNGA. "Má" ni mo kọ! "A" kan ṣoṣo! Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ – tèmi rèé.
Akọ̀wé ọ́fíìsì mi ní ká di ẹrù náà ru atẹ̀wé. Mo kọ̀, ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé? Mo lọ sórí rédíò, mo ní àṣìṣe mi ni, ẹ má mu ún. Gíláàsì àtàwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń lọ láti ògiri dé ògiri, wọ́n ń fi yíǹkì pa "a" rẹ́. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Gómìnà pè. Ó ní òun tó yàn mí lè yọ mí, òun ò nílò aṣòfin fún ìyẹn. Mo ní mo mọ̀, sà. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ pa iná tó ń jó.

Ọjọ́rú, 20
Ilé ìwòsàn. Kò sí aláìsàn tuntun látàná. Ọpẹ́!
Àfi ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n ṣì ń fa omi sí i lára. Dókítà ní ó ti bọ́ nínú ewu. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ mí. Ó ní ìwé ìjọba ló ní kí àwọn máa mu ún, lòun bá tún bu kún ife ọmọ.
Gíláàsì ń wò mí. Mo lè dákẹ́. Mo ní èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé yẹn, mi ò sì kà á.
Ìyá ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì.
"Ẹ jókòó. Ẹ bá mi mú ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Láti àárọ̀ ni mi ò tíì rí ẹni tí mo lè fi í tì kí n lọ tọ̀."
Mo jókòó, mo mú un lọ́wọ́. Ó gbóná díẹ̀, kò burú.