Sìmẹ́ńtì Ẹsẹ̀ Òpó Kẹrin

Àlàádì, 2 oṣù Mehr
Ológoṣẹ́, ọmọ mi obìnrin, dé láti Tehran. Mahrokh ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Ológoṣẹ́ ni. Ó rù. Ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Iṣẹ́ ló gbé e wálé — mọ́ṣáláṣí àwókù ẹ̀yìn ọgbà àjàrà, èyí tí wọ́n fi ẹrẹ̀ kọ́ nígbà tí ẹ̀sìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Òpó mẹ́fà ló kù lórí ìdúró. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ìkankan wó mọ́. Mo ní kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́.

Àtìní, 3 Mehr
Bahman, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ahvaz, kò pè. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.

Àlàrùba, 5 Mehr
Mo gbé tíì lọ fún wọn. Heydar, ọ̀gá mọlémọlé, ń fẹsẹ̀ po ẹrẹ̀ mọ́ koríko àlìkámà. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ọmọ ẹ ti sọ mí di ẹlẹ́rẹ̀ padà. Ìwọ ni wàá fọ ṣòkòtò yìí o." A rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Ológoṣẹ́ na ìka sí ìdí òpó kẹrin. Sìmẹ́ńtì ló wà níbẹ̀, ó ga dé orúnkún. Ó ní sìmẹ́ńtì yẹn ló ń pa òpó náà: ẹrẹ̀ a máa mí, sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó mí, omi ilẹ̀ há sínú, iyọ̀ sì ń jẹ ẹ́ lọ sókè. "Bàbá, ta ló ṣe irú èyí? Kò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè." Heydar mọ ẹni náà; ó wo ilẹ̀. Mo ní tíì ń tutù.

Èmi ni.

Àlàmísì, 6 Mehr
Ọdún 1370 nínú kàlẹ́ńdà tiwa, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Ológoṣẹ́. Ibà mú un fọ́jọ́ mẹ́wàá, dókítà ní ká máa gbàdúrà. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ nídìí òpó kẹrin, tó ti ń yẹ̀ nígbà yẹn: bó bá yè, n óò fún òpó náà lẹ́sẹ̀. Ó yè.

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, káàdì ìjọba la fi ń gba sìmẹ́ńtì níwọ̀nba. Àpò mẹ́rìnlá tó yẹ kó lọ sórí òrùlé wa, lọ́rì mi ló kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ — kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ — ló ń gbé abọ́ gba omi òjò. Òjò jò wá fọ́dún mẹ́ta. Láyé ìgbà yẹn, sìmẹ́ńtì lọlá. Ẹrẹ̀ nìṣẹ́.

Wọ́n máa gbẹ́ ẹ kúrò lọ́jọ́ Àtàláátà. Bí wọ́n bá tú ẹ̀jẹ́ náà, kí ló kù tó di ọmọ mi mú?

Àlàádì, 9 Mehr
Ológoṣẹ́ ní awọ lásán ni sìmẹ́ńtì náà, pé ìka mẹ́rin péré ló nípọn. Kì í ṣe awọ. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mo kó bíríkì tó jẹrà jáde nísàlẹ̀, mo rọ òkúta àti sìmẹ́ńtì dí i. Èmi nìkan, láàárín ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, kò sí nǹkan kan lábẹ́ òpó yẹn. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an sì ni Ológoṣẹ́ máa ń dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti yẹ̀ ẹ́ wò.
Mo lọ láti sọ fún un. Mo débẹ̀, mo kàn ní kó jẹ èso àjàrà. Mo padà.

Àtìní, 10 Mehr
Mo bi Heydar bóyá a lè tú ẹ̀jẹ́. Ó ní, "Ọlọ́run ti gba tìẹ lọ́dún yẹn. Àbí o rò pé sìmẹ́ńtì ló gbà?"

Àtàláátà, 11 Mehr
Mi ò dúró mu tíì. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ti gbé òòlù. Mo pe Mahrokh. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́ — ẹ̀jẹ́, àpò mẹ́rìnlá, òkúta.
Ó ní, "Awọ kọ́?"
Mo ní ẹsẹ̀ ni.
Ó ní kí gbogbo èèyàn jáde. Ó bi mí bó ṣe jìn tó, apá ibo, irú òkúta wo. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pè mí ní Bàbá lẹ́ẹ̀kan.

Àlàrùba, 12 Mehr
Kò jẹun nílé.

Àtìní, 17 Mehr
Wọ́n fi igi ti òpó náà yí ká. Mo jókòó níta, mò ń júwe: ọwọ́ ọ̀tún, rọra, òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ yẹn. Ihò tó kù lábẹ́ rẹ̀ gba odindi àgùntàn. Heydar ń ki bíríkì ẹrẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó dúró. Ológoṣẹ́ jáde pẹ̀lú eruku lójú, ó ní kí n lọ jẹun.

Àlàmísì, 20 Mehr
Ìwé tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí Tehran ń bèèrè nípa gbogbo àtúnṣe àtijọ́: ọdún wo, ta ni, nítorí kí ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ "a kò mọ̀".
Ó ní, "Ohun tí wọ́n ń kọ síbi gbogbo nìyẹn, Bàbá. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."
Ó fún mi kà. *1370. Nasrollah, dẹ́rẹ́bà lọ́rì. Ó ṣe é nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣàìsàn. Ó ba òpó náà jẹ́.* Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀: Mahrokh, ọmọ Nasrollah.
Ó ní kí n buwọ́ lù ú. Mo gbé e lé orúnkún mi. Ó di ìwé náà mú títí mo fi parí.