Mísísì Ọdẹ́wálé

Ilé Oyèlárán,
Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ìbùkúnọlá ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ilé ń tòrò, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun yó? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé Àbújá kò ní gbàgbé rẹ síbẹ̀, yóò sì máa rán ọ létí ọ̀nà Ifẹ̀, torí ọ̀nà náà kò tíì dí, mọ́tò ṣì ń gbà á lójoojúmọ́. Bí o bá ń béèrè ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún mi, fóònù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi aṣọ wé e. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé ibi ìpamọ́ òun ti kún, bẹ́ẹ̀ mi ò fi abẹ́rẹ́ pamọ́ síbẹ̀ rí.

Ògiri ilé ìdáná ti wó díẹ̀ sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìn ń bi mí bóyá wáífáì wà nínú ilé yìí, wọ́n ní gbogbo lánlọ́ọ̀dù yòókù ló ń fún ayálégbé ní wáífáì. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, ìyá yín ni, kí ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó lọ bá bàbá rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọn ò sì tíì san owó ilé.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí o ní kí n kún nípa bàbá mi tó bá àwọn òyìnbó lọ sógun Bọ́mà ló kàn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Sábó, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀kínát, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. Kí fọ́ọ̀mù tó ṣí, ẹ̀rọ náà ní kí n jẹ́wọ́ pé èmi kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Mo jẹ́wọ́, kò gbà mí gbọ́. Ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án kalẹ̀, ó ní kí n tọ́ka sí ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Mo rí i pé òyìnbó kò yí padà: wọ́n mú bàbá mi lọ, wọn ò dá a padà, èmi ni wọ́n tún ń ní kí n bá wọn wá bọ́ọ̀sì. Mo sì bá wọn wá a, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí n yan ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Mo ní kí Sẹ̀kínát bọ́ síta, mo sọ ọ́ sí ẹ̀rọ náà létí lẹ́ẹ̀mẹta, kò dá mi lóhùn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́ ju àwọn ará ilé wa lọ.

Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá bàbá mi ti kú, mo ní kí Sẹ̀kínát kọ ọ́ pé a ò mọ̀, ohun tí a mọ̀ ni pé ó fẹ́ Mísísì. Ìwọ náà mọ ìtàn yẹn, o mu ún mọ́ ọmú ni. Ọdún 1945 ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun. Nínú gbogbo agbo ilé, Adéagbo àbúrò bàbá mi nìkan ló mọ̀wé, ó ka Sítáńdáàdì Tíírì, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó ní orúkọ Ọdẹ́wálé rèé, Mísísì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ó ti fẹ́ obìnrin òyìnbó. Ìyá mi Àyọ̀kẹ́ kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ, èmi ló pọ̀n sẹ́yìn. Kò sunkún. Ó ká lẹ́tà náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń wí pé Ọdẹ́ wálé lóòótọ́, ilé Mísísì ló wá. Wọn ò ṣòkú bàbá mi, torí a kì í ṣòkú ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì àti bọ́tà lókè òkun. Wọn ò lè ṣú ìyá mi lópó, torí ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Nílé ìwé, ọmọ ọkọ Mísísì ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á ní kí bàbá mi fi bisikíìtì ránṣẹ́.

Sẹ̀kínát ní àwọn òyìnbó fẹ́ rí ìwé. Mo lọ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ ìyá mi, ó ní kí n bá òun kí Mísísì. Sẹ̀kínát dojú ìwé náà dé orí ẹ̀rọ kan tó ń tan iná, mo rò pé ó fẹ́ lọ̀ ọ́ bí aṣọ ni. Nígbà tó ń kà á, ó wò mí. Ó ní Bàbá, kò sí Mísísì kankan níbí. Ó ní M, I, S, S, I, N, G ni wọ́n kọ, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó sọnù, wọ́n wá a tì lẹ́yìn ìjà, wọ́n sì gbà pé ó ti kú. Mi ò sọ fún ìyá mi, mo ní kí èsì wọn kọ́kọ́ dé ná. Adéagbo ti lọ, Ọlọ́run yóò tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bí wọ́n bá fún un ní ìwé kà lọ́hùn-ún, kí ẹlòmíràn tún un kà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí èsì dé sọ́dọ̀ rẹ, tí o kà á fún mi lórí fóònù pé orúkọ Ọdẹ́wálé Ifẹ̀ wà lára ògiri àwọn ọmọ ogun tó kú ní Bọ́mà, pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Kò já. Èmi ni mo pa fóònù. Mo pé ọgọ́rin ọdún kí n tó mọ̀ pé n ò ní bàbá. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé, ojú sì ń tì mí, torí gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi bú ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo wọlé lọ bá ìyá mi, mo kígbe ọ̀rọ̀ náà sí i létí ọ̀tún tó ṣì ń gbọ́. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní kọ̀ǹpútà ni, ó ní ọmọ ta ni kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Ó béèrè bóyá kò wá fẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ṣé òun nìkan ni. Mo ní òun nìkan ni. Ó ní kí n jáde, kí n pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n wá gé irun òun, òun fẹ́ ṣe opó. Pásítọ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ó ní Màmá, ẹ ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún, àdúrà nìkan ti tó. Ó bi Pásítọ̀ bóyá òun náà fẹ́ Ọdẹ́wálé rí. Pásítọ̀ mu omi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi ti wà lórí ẹní báyìí, kì í jáde, kì í dárúkọ Mísísì mọ́, ilé sì dákẹ́ débi pé ó ń ṣe wá bákan. Ó ní oṣù mẹ́ta gbáko ni, ikú kò gbọdọ̀ yọjú kí ó tó pé. Ó ní òun fi ọgọ́rin ọdún bú ọkọ òun, oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù láti fi bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́, má sì fi sí báǹkì. Wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò hàn wọ́n kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mí, wọ́n wá ní ọkọ́ ti jẹ ẹ́, pé n kì í ṣe ẹnikẹ́ni mọ́. Gbé e fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ifẹ̀. Fi aṣọ dúdú sí i, èyí tí kì í ṣá.

Ibi tí o bá lọ, wàá dé. Ẹni tó bá ń wá ọ yóò rí ọ. Ìwé tí wọ́n bá kọ nípa rẹ, ẹni tó mọ̀wé ni yóò kà á fún àwọn ènìyàn rẹ. Àmín.

Ìyá àgbà ní kí n fi kún un pé kí o má ra aṣọ náà ní púpọ̀. Ó ní Àyọ̀kẹ́ tí Ọdẹ́wálé fi sílẹ̀ sanra dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù dè é yìí, yáàdì méjì ti tó o.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrósinmí, ọmọ Ọdẹ́wálé.