Oje Kajú Ọwọ́ Yín

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kajú oko yín lọ́nà Ìdèrè ti so, ó sì so dáadáa. Ìjẹta ni èmi àti ọkọ mi lọ kó o. Láti àárọ̀ àná la ti jókòó sẹ́yìnkùlé, à ń já kóró kúrò lára èso bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, kànga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, àkísà la fi ń nu ọwọ́. Ẹ̀yin náà kì í fi omi ṣòfò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mi ò tíì sọ fún yín pé ìtọ̀ ṣúgà ti mú èmi náà. Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi, mo ní ó dáa, mo gba oògùn, mo gun ọ̀kadà wálé. Kò dùn mí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, nǹkan kì í tètè dùn mí mọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ṣúgà yín náà ni mò ń lò, ìwé yín náà ni mò ń kọ tèmi sí.

Nírọ̀lẹ́ àná, mo fi òwú àti sípíríìtì nu ìka mi, mo gún un, mo kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà. 298, ó ti ga jù. Bẹ́ẹ̀ mi ò jẹ ju ẹ̀kọ kan lọ láti àárọ̀. Ọkọ mi wo ẹ̀rọ, ó wo òkìtì kajú, ó wo ẹnu mi. Mo ní mi ò fẹnu kan kajú o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́.

Bàbá, mo mọ ojú yẹn. Òun ni mo fi wò yín lọ́dún tí tiyín jẹ́ 312 nírọ̀lẹ́, tó sì jẹ́ 124 láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní ẹ ń jẹ kajú lẹ́yìn mi. Ẹ ní, "Ọmọ mi, mi ò fẹnu kàn án." Mo ní irọ́ ni, lójú àbúrò yín obìnrin tó wá kí yín láti Tápà. Mo dín láfún alẹ́ yín kù, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi.

Inú bí mi lánàá. Mo bu omi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n lè jẹun, ṣùgbọ́n orí kunkun mi gbé mi padà sídìí ẹ̀rọ. Mo gún ìka mìíràn. 131. Ọkọ mi ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo fún kajú sórí ìka kẹta, mo fi òwú nu ún bí mo ṣe máa ń nu tiyín, mo gún un. Ó tún fò sókè. Oje tó kù lára awọ ló dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Òwú mi kò mú un kúrò.

Mo ṣí àwọn ojú ewé tiyín. Gbogbo èyí tó ga, ìrọ̀lẹ́ ìgbà kajú ni. Nígbà òjò, kò sí ìkankan. Èmi fúnra mi ni mo kọ wọ́n, mi ò sì rí i. Dókítà ní àrùn ọkàn ló pa yín, kì í ṣe ṣúgà, kì í ṣe ebi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ebi ń pa yín sùn? Àbí ẹ̀yin náà ti ń rò pé bóyá ẹ jẹ ẹ́, ẹ kàn gbàgbé ni?

Mi ò sunkún. Mo jókòó de ẹkún, kò wá. Ohun tí mò ń rántí ni pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ, bí ẹ bá ti gbọ́ tí mo ń ṣí àpò ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, ẹ ó ti na ọwọ́ òsì, ìka ọmọńdinrín, ẹ ó sì máa wo ibòmíràn. Ẹ ò kọ̀ fún mi rí.

Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ síwájú 312 pé: Bàbá kò jẹ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ síwájú gbogbo èyí tó ga, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ojú ewé tèmi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń na ìka fún.