Àpẹẹrẹ Tí Mo Ní Kí Ẹ Pa Rẹ́

Bàbá mi, olùkọ́ mi,

Mo gbá ilé yín ní Ìdóàní lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kí n tó padà sí Ọ̀wọ̀. Mo bá ṣọ́ọ̀kì nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì yín mẹ́ta. Màmá bá yín jà títí lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì yìí kí wọ́n tó ṣaláìsí, ẹ ò gbọ́. Ta ló ń kó ṣọ́ọ̀kì kiri lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n ti sọ lójú yín. Mi ò sọ ọ́, ẹ sì ti lọ.

Ẹ rántí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì yín, tí ẹ ń kọ́ wa ní ọnà èdè nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kì í lo àpẹẹrẹ inú ìwé. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa, tó ń jí iṣu gbogbo ayé jẹ, tí olówó rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Olóòótọ́, ni ẹ fi ṣàlàyé áyírónì, ọ̀rọ̀ tó tako ìṣe. Ọ̀kadà yín tó máa ń bínú láàárọ̀ ni ti pasonifikéṣọ̀n, ìfohunpènìyàn. Nígbà tó kan háípábólì, àsọdùn, èmi ni ẹ fà yọ. Ẹ ní ìjàlọ kan ṣoṣo gé mí jẹ lóko, mo figbe ta pé ẹsẹ̀ mi ti já, kí wọ́n bá mi wá a nínú koríko. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Háípábólì ni wọ́n ń pè mí, láti ẹnu géètì títí dé ìdí ẹ̀rọ omi.

Mo délé, mi ò jẹun. Mo sọ fún yín pé ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ mi níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́ láyé yín, pé kí ẹ kúkú sọ fún wọn pé ẹ ò bímọ obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, ẹnu mi mú bí abẹ. Ẹ ò nà mí. Ẹ bọ́ gíláàsì ojú yín, ẹ fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ẹ ní ó dáa. Mo rò pé mo ti borí. Kí ló dé tí ẹ fi gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni?

Èmi gbàgbé o. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbàgbé. Mo jáde ìwé, mo ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ káàdì fún aláìsàn ní Ọ̀wọ̀, mo lọ́kọ, mo bímọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé kí n gba ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́, àwọn tí ẹ kọ́ lẹ́yìn kíláàsì tiwa, kún àgbàlá. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ àwọn àpẹẹrẹ yín, à ń rẹ́rìn-ín, à ń sunkún. Gbogbo wọn ló mọ ewúrẹ́ náà. Wọ́n mọ ọ̀kadà. Wọ́n tilẹ̀ mọ ata ọbẹ̀ Màmá. Ṣùgbọ́n ti háípábólì, bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìpele ni wọ́n mọ̀, tó ní ewé iṣu òun ń fọwọ́ kan òṣùpá. Mo dúró títí, bóyá ẹnì kan á rántí ìjàlọ. Kò sí. Ọkùnrin kan tí ẹ kọ́ ní odidi ọdún mẹ́fà wá kí mi, ó bi mí pé níbo ni èmi àti Tíṣà ti tan. Mo ní ọmọ yín ni mí. Ó wò mí títí, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé àwọn ò mọ̀ pé Tíṣà bí obìnrin.

Bàbá mi, ẹ forí jì mí. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, bó tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Bí ẹ bá ti rí ẹni jókòó tì yín níbi tí ẹ wà, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní ṣàì máa kọ́ wọn, ẹ sọ tèmi fún wọn. Ẹ sọ ọ́ tòun tigbe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.