Ìyá Onílé Wọnú Aró

Màmá mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìkòkò aró yín. Ara mi le koko, iṣẹ́ àdìrẹ náà sì ń lọ geere.

Ẹ ní kí n má máa da omi aró nù tí agbára bá ṣì wà nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ràn. Kò sí ìkòkò níbí, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni mo fi í sí, mo wá sáré jáde lọ ra òwú. Ìyá onílé mi, tí awò ò sí lójú wọn, rò pé omi ìwẹ̀ ni mo pò de àwọn. Wọ́n wọnú rẹ̀, wọ́n jókòó.

Ìgbà tí mo dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, gbogbo ara wọn dà bí ewé tútù. Kí n tó mú tówẹ̀lì dé, atẹ́gùn ti fẹ́ sí i, wọ́n ti di aró láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Kí lo fi pa mí lára?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ẹ ò ní ṣá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tù wọ́n nínú.

Gbogbo ẹ̀ ti tán nílẹ̀. Mo ti kó sí yàrá tó fẹ̀ gan-an, èmi àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìyá onílé nìkan la jọ ń gbé ibẹ̀. Àwọn náà ni oníbàárà mi àkọ́kọ́: wọ́n fẹ́ kaba ọlọ́wọ́ gígùn, ọlọ́rùn gíga, tó máa bá àwọ̀ ara wọn mu.

Ẹ bá mi kí Bàbá, tí wọ́n ní aró mi ò lè mú láéláé. Ẹ sọ fún wọn pé àràárọ̀ ni ìyá onílé ń fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o, kò tíì ṣá.