Kábúrétọ̀ Mẹ́rin, Ilẹ̀kùn Kan

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, mo gbà pé ó ti fúyẹ́. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bàbá wà láàyè, wọ́n sì jẹun láàárọ̀ yìí. Èmi ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀. 

Ẹ rántí alùpùpù àtijọ́ tí Bàbá fi ń gbé àwa méjèèjì lọ sílé ẹ̀kọ́, èmi níwájú lórí táǹkì, ẹ̀yin lẹ́yìn. Òun ni mo ń tún ṣe. Kábúrétọ̀ mẹ́rin tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo ló ní, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ máa fa afẹ́fẹ́ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ń fà jù, tí òmíràn ń lọ́ra, ẹ́ńjìnì á máa wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Nílé tiwa, etí Bàbá la fi ń wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, ṣe ni etí wọn tún mú sí i. Wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á ki ẹnu rọ́bà oníhò kan bọ etí, èmi á gbé ẹnu kejì sí kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń mí. Wọ́n á ní, "Ẹ̀kẹta ń sùn, jí i," èmi á sì yí ìdè skúrù rẹ̀ díẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin. Bàbá ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ká fi dọ̀la. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó parí, ẹ sì mọ orí kunkun mi. Mo pa ẹ́ńjìnì, mo rọra ti ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọ̀pá irin há a, mo ti fèrèsé. Kí n tó tún tan án, Bàbá fi orúkọ ìnagijẹ mi pè mí, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ti ń béèrè láti kékeré mi: "Ọwọ́ Epo, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, Bàbá."

Wọ́n ní ariwo yẹn ti dínkù o. Mo ní wẹ́dà ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Irọ́ kan kì í dá rìn.

Iṣẹ́ wá ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ní ìkejì ti sàn, ẹ̀kẹrin ló kù, kí n fún un díẹ̀ sí i. Mo fún un. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn! Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ débi pé Bàbá ò rí àléébù kankan wí. Orí ń fọ́ mi, mo ní ooru ni. Ìgbà tí ìdè kan di méjì lójú mi ni mo tó yíjú. Rọ́bà ti bọ́ létí wọn, ọ̀pá wọn wà nílẹ̀, orí wọn ti tẹ̀ sórí àyà.

Irú ẹ̀rù yẹn kò bà mí rí láyé mi. Mo pa ẹ́ńjìnì, mo ń pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo fọ́ fèrèsé. Ọ̀pá tí mo fi há ilẹ̀kùn kò yọ, apá mi kò lágbára mọ́. Mo fi òòlù lu ilẹ̀kùn títí wẹ́dà fi gbọ́. Ẹ̀rọ tí mo torí ariwo rẹ̀ tilẹ̀kùn náà ló fi gé e ṣí.

Nílé ìwòsàn tí wẹ́dà bá mi gbé Bàbá lọ, wọ́n fi atẹ́gùn sí wọn nímú. Dókítà ní èéfín ẹ́ńjìnì ni, ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè pé ta ló tilẹ̀kùn, Bàbá dáhùn kí n tó lanu: "Afẹ́fẹ́ ló gbá a tì." Ewé kan kò mì lọ́jọ́ náà. Wẹ́dà wo ojú mi, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àtìgbà tí a ti padà sílé, wọn ò bá mi wí. Ẹ̀yin náà mọ ẹnu Bàbá. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá sùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Mo ń bá wọn jẹun, mo ń ka bí wọ́n ṣe ń mí.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n wá ká parí ẹ̀kẹrin. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fi òkúta dá a dúró kó má padà tì. Bàbá jókòó, wọ́n mú rọ́bà dání. "Ọwọ́ Epo, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Ó ṣí, Bàbá."

Wọ́n gbé rọ́bà sílẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì ń fọwọ́ tọ ògiri lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé ìdí ilẹ̀kùn. Wọ́n fọwọ́ pa á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan òkúta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà wá jókòó, wọ́n ki rọ́bà bọ etí, wọ́n ní kí n tan án.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra. Bí ẹ bá pe Bàbá, tí wọ́n bá sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní afẹ́fẹ́ ni.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ̀rù ṣì ń bà,

Ọwọ́ Epo