Bẹ́ésì Wo Ni Kí N Gbé Lọ sí Ute?

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá, 2025

Alhaja Àbẹ̀ẹ́bí pè mí láti Ute láàárọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe yìgì ní ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Èmi ló fẹ́ kí n wá ṣe DJ fún àwọn obìnrin. Obìnrin tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún! Gbọ̀ngàn tiwọn lọ́tọ̀, ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ wọlé, kí kálukú lè ṣí hìjáábù kó jó bó ṣe wù ú. Irú òde bẹ́ẹ̀ gan-an niṣẹ́ mi. Ní gbogbo Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, èmi nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe é.

Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Ó ní, "Rùqáyyàh, bẹ́ésì tó máa dún wọnú àyà ni mo fẹ́ o. Èyí tó o lò lọ́jọ́sí, bí ẹ̀fọn ló ń ké." Bí ẹ̀fọn! Spíkà mi méjèèjì! Inú bí mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Mo sọ fún Bàbá. Káfíńtà ni Bàbá, Àbúdùlàhí káfíńtà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wa. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Páákó ni mò ń pè é — kó má rí i láé. Ọ̀gá Páákó ní ọ̀rọ̀ DJ yìí ti sú òun. Ó ní bí àwọn obìnrin Ute bá jó títí tí wọ́n fi làágùn, òun ò tún ní la ẹnu òun mọ́. Ṣùgbọ́n bí òde yẹn bá bàjẹ́, kí n di ẹrù mi lọ bá Àǹtí Qudirat, àbúrò rẹ̀, ní Àkúrẹ́, kí n máa bá a ta símẹ́ńtì.

Símẹ́ńtì! Èmi!

Ọjọ́rú, 15

Mo lá àlá símẹ́ńtì.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo lọ bá Láníyì, ẹni tó ń tún spíkà ṣe lẹ́bàá géètì pólì. Toyyibah tẹ̀ lé mi — ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, inú yàrá kan náà la ń sùn, òun la jọ ń ru ẹrù lọ sóde. Láníyì ní bẹ́ésì oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún spíkà lágbára, nínú ikùn ara rẹ̀: kí o ṣáà ti ki wáyà rẹ̀ bọ iná, ó parí. Èkejì, spíkà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Áńpù wà níta lọ́tọ̀, wáyà ló ń gbé agbára lọ bá a.

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Dánìkanṣe ni ti àkọ́kọ́. Gbémipọ̀n ni èkejì.

Toyyibah ní Dánìkanṣe ni, ẹrù kékeré. Láníyì ní Gbémipọ̀n ni, torí bó bá bàjẹ́, òun lè tún un ṣe láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n bí ti inú ikùn Dánìkanṣe bá jó, kò sẹ́ni tó máa rí i tún ṣe ní Ọ̀wọ̀ yìí. Mo ní oúnjẹ ara rẹ̀ ló ń wá. Ó bínú, ó ní kí n jáde. Mi ò jáde. Ó ra gúgúrú fún wa.

Àbámẹ́ta, 18

Upenmen. Ìsọmọlórúkọ, pálọ̀ àwọn obìnrin. Láníyì yá Dánìkanṣe kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí a fi dán an wò kí a tó dé Ute. Èmi àti Toyyibah gbé e wọlé, ọrùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Orin kìíní — ó dún! Àyà gbogbo èèyàn ń mì. Mo ti ń rí ara mi ní Ute. Orin kejì, iná pupa kan tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó dákẹ́.

Láníyì wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Kò lè wọlé, àwọn obìnrin ti ṣí hìjáábù. Ó ń pariwo lójú wíńdò pé kí n tẹ bọ́tìnnì yẹn. Bọ́tìnnì wo? Márùn-ún ló wà níbẹ̀! Mo tẹ gbogbo rẹ̀. Láníyì ní kí wọ́n fi gèlè di òun lójú, kí wọ́n fa òun wọlé. Ìyá àgbà kan ní ẹni tó nírú ọgbọ́n yẹn lórí, gèlè kan ò lè tó o. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Orin ò sì sí.

La bá gbé e jáde tọ̀ ọ́. Láníyì ki wáyà rẹ̀ bọ ara jẹnẹrétọ̀, ló bá ń dún gbìì-gbìì. A gbé e padà wọlé. Ó dákẹ́. A tún gbé e jáde. Ó dún. Ìgbà mẹ́ta! Nígbà tó yá, a fi í sílẹ̀ síta. Àwọn ọkùnrin tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí bẹ́ésì wa, àwọn obìnrin tó ni òde jókòó sínú ilé, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ tèmi.

Àìkú, 19

Ẹ̀yìn mi o. Ẹ̀yìn Toyyibah náà.

Ajé, 20

Láníyì ti rí àrùn rẹ̀. Wáyà tó gbé iná wọlé gùn, ó sì tín-ín-rín, wọ́n tún so fìríìsà ẹlẹ́rìndòdò mọ́ ọn. Kí iná tó dé ọ̀dọ̀ Dánìkanṣe, ó ti rẹ iná. Ute náà á rí bẹ́ẹ̀, bóyá á tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ro ó, mo tún un rò. Aláìsàn wà nínú ilé, dókítà ò sì lè wọlé. Ohun tó pa wá ní Upenmen nìyẹn. Bó bá jẹ́ Gbémipọ̀n ni, áńpù á wà níta lọ́dọ̀ Láníyì, nídìí jẹnẹrétọ̀, wáyà spíkà nìkan la máa fà gba ojú wíńdò. Ohun tó lè bàjẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó lè tún un ṣe. Mo sọ ọ́ jáde. Láníyì ní ohun tí òun ti ń sọ láti ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Mo ní kó má bà á jẹ́.

Gbémipọ̀n ni. Ó parí. Láníyì ní áńpù tó lágbára, ó sì ní ojú spíkà ńlá méjì tó lè yá mi. Àpótí tí a máa kó wọn sí nìkan ni kò sí.

Ẹni tó máa kan àpótí... káfíńtà ni. Háà.

Ìṣẹ́gun, 21

Mi ò lè bẹ Ọ̀gá Páákó. Kí n wí fún un pé kí ni? Pé kó bá mi kan ohun tí kò fi ní í lè lé mi lọ sí Àkúrẹ́?

Ìṣẹ́gun, 28

Mo ti ṣe é. Mo lọ bá káfíńtà kan ní ọ̀nà Ìkàrẹ́. Àpótí náà ti délé, a gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé nígbà tí Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Aṣọ wíńdò àtijọ́ la fi bò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Toyyibah. Toyyibah kó ìwé àti pọ́ńdà lé e. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30

Ó mọ̀.

Gílóòbù yàrá wa ló wá pààrọ̀. Ó ní òun ń gbóòórùn gọ́ọ̀mù tí kì í ṣe tòun. Ó ká aṣọ náà kúrò. Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní Bàbá ẹ jọ̀ọ́, òde Ute nìkan ni, ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán, DJ yìí ò ní —

Ó ní, ta ló ń sọ ti DJ?

Igun àpótí náà ló ń wò. Ó fi ìka wọ ojú ìsopọ̀ rẹ̀, ìka náà wọlé. Ó gbọn àpótí náà, ìṣó kan jábọ́. Bínú bá ti bí Bàbá, èdè Ọ̀wọ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ìṣó náà sókè síwájú mi. "Uṣẹ́ rè é?" Ó ní ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí, òun ló kàn án. Ibùsùn tí wọ́n bí mi sí, òun ló kàn án. Ọmọ òun wá gbé iṣẹ́ igi kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun, ó gbé e lọ fún ẹlòmíì! Àti pé kí àwọn ará Ute máa wo irú nǹkan báyìí, kí wọ́n ní ọmọ Àbúdùlàhí ló ni ín!

Mi ò tíì rí i kó bínú báyìí rí. Ó dùn mí gan-an, torí kò parọ́. Mi ò rò ó rárá pé á dùn ún. DJ ni mo rò pé ó máa bínú sí.

Jímọ̀, 31

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó rán Toyyibah kó lọ bi Láníyì bí ojú spíkà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kọkànlá

Àpótí ti jáde. Ẹ̀yin ará ilé, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ìrókò ni! Igun rẹ̀ kò ní ìṣó kan ṣoṣo, ó fi igi wọ igi ni. Ó ti fá a, ó ti kùn ún, o lè fi wo ojú láti fi lé tìróò. Láníyì de ojú spíkà méjèèjì mọ́ ọn, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Kò ṣeé gbé.

Èmi àti Toyyibah gbìyànjú. Kò mira. A pe Láníyì mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ kan dìde, ó tún jókòó. Mo ní Bàbá, DJ tó ń lọ káàkiri ni mí o. Ó ní igi tó dáa máa ń wúwo, ẹni tó bá fẹ́ fúyẹ́ kó lọ gbé pépà.

Jímọ̀, 7

Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá ní òun ń bá wa lọ lọ́la. Kì í ṣe torí orin o, kí wọ́n má baà fi nǹkan ha àpótí òun lára ni.

Ọkùnrin mẹ́fà ò kúkú lè wọ gbọ̀ngàn yẹn.

Àìkú, 9

Ẹ jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

A dé Ute. Àwọn ọkùnrin gbé àpótí dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n dúró. Ibẹ̀ ni àyè wọn mọ. Èmi àti Toyyibah tì í. Òfo. Ni àwọn obìnrin kan bá yọ síta, àwọn tó ń ru iṣu láti oko wálé lójoojúmọ́. Wọ́n so ìró wọn le. Ọ̀kan ní ṣé ohun tí ẹ̀ ń pè ní ẹrù nìyí? Mẹ́jọ ni wọ́n. Wọ́n gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta gààrì lọ. Bàbá ń ké lẹ́yìn wọn pé ẹ má fi igun rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn o!

Áńpù wà níta lábẹ́ wíńdò, Bàbá àti Láníyì jókòó tì í. Àdéhùn wa: bí Toyyibah bá kan wíńdò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé bẹ́ésì sókè. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ó ń lọ dáadáa. Nígbà tó yá, Láníyì lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Ó ku Bàbá nìkan. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ìyá àgbà mú báńdíìrì jáde, wọ́n lọ dúró lẹ́bàá wíńdò, wọ́n ń lù ú sí orin mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lù ú, Bàbá rò pé Toyyibah ló ń kan wíńdò. Ó gbé e sókè. Wọ́n tún lù ú. Ó tún gbé e sókè!

Bẹ́ésì ń bú. Gíláàsì wíńdò ń gbọ̀n. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò ń rìn fúnra rẹ̀ lórí tábìlì. Toyyibah ń kan wíńdò lẹ́ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń rí ara mi láàárín àpò símẹ́ńtì.

Àwọn obìnrin wá figbe ta. Igbe ayọ̀ ni! Alhaja Àbẹ̀ẹ́bí, tí orúnkún ń dùn, ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sójú agbo. Wọ́n jó, wọ́n làágùn, aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lára. Àpótí ìrókò yẹn kò mira, kò hó, kò ṣe jàgàjàgà. Mo bú sẹ́kún nídìí ẹ̀rọ mi, mi ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó parí, àwọn obìnrin mẹ́jọ gbé e jáde. Alhaja tẹ̀ lé e, ó ń fọwọ́ pa á lára. Kò tiẹ̀ wò mí. Ó ní ta ló kan igi yìí? Bàbá ní òun ni. Ó ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àga mẹ́fà fún ilé ìyàwó, kí Bàbá wá wọn yàrá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ tó tóbi bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù wa láti ọdún tó kọjá. Mo ní ó tán. Wọ́n ti fi òde mi ra kọ́bọ́ọ̀dù.

Bàbá ṣí fìlà, ó fi nu eruku orí àpótí náà.

"Ẹ má bínú, Alhaja. Ọjọ́ Ajé ni mo lè wá. Sátidé ò ní ṣeé ṣe fún wa, a ní òde ní Afo."

Mo wo Láníyì. Láníyì wò mí. Èmi ò gba òde kankan ní Afo.

Àṣé àwọn ará Afo kan ti wá bá a nídìí áńpù, wọ́n ń bi í léèrè ẹni tó ni DJ náà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló fún wọn.